Àkáǹtì Wà, Owó Kò Tíì Dé Ọwọ́: Àlàyé Lórí Báńkì àti Alágbàṣe Ìgbèríko

Nínú àgbàlagbà 100 tó wà láyé ní 2011, 51 péré ló ní àkáǹtì. Nígbà tó fi máa di 2024, wọ́n ti tó 79. Báńkì Àgbáyé ló máa ń ṣe ìṣirò yìí, ẹni tó bá sì kà á lè fẹ́ pàtẹ́wọ́. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé àárín àwọn alágbàṣe tó ń roko olóko jẹun, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ fún yín pé àwọn ní àkáǹtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ kì í tètè wọ ibẹ̀. Nígbà mìíràn ó wọlé tán, wọn kò rí i gbà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti bọ́ sápò ẹlòmíì kó tó kàn wọ́n. Báwo ni ìṣirò yẹn àti ẹjọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe lè jọ jẹ́ òótọ́? Ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí nìyẹn.

Èrò tèmi ni pé ṣíṣí àkáǹtì ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Wàhálà gan-an wà ní ọ̀nà tó ti inú àkáǹtì dé àtẹ́lẹwọ́ òṣìṣẹ́, ẹni tó sì dúró lójú ọ̀nà náà, ìyẹn aṣojú báńkì, ni ọ̀pọ̀ ètò ìjọba kì í ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ṣé báńkì kórìíra tálákà ni?

Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní tálákà kò kúkú ní owó tí yóò fi pamọ́. Èyí kejì yìí tilẹ̀ jìnnà sí òótọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré tí kò sì dúró sójú kan ló nílò ibi ìpamọ́ ju ẹni tó ń gba owó oṣù lọ. Alágbàṣe lè ríṣẹ́ lójoojúmọ́ lásìkò ìkórè, kó sì jókòó lásán fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Owó ìkórè ni yóò máa jẹ títí iṣẹ́ mìíràn á fi dé. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń dá àjọ káàkiri ayé, yálà wọ́n ń pè é ní chama bíi ti àwọn ará Kẹ́ńyà tàbí tanda bíi ti àwọn ará Mẹ́síkò. Tálákà ń pamọ́, ó ń yá, ó ń san. Inú ìwé báńkì nìkan ni kò sí.

Ìṣirò ló ń lé báńkì sẹ́yìn. Ohun tó ń ná báńkì láti gba owó kékeré wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń ná an lórí owó ńlá. Òṣìṣẹ́ kan náà ni yóò kà á, ẹ̀rọ kan náà ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ọlọ́dẹ kan náà ni yóò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Èrè báńkì sì wà lára owó tó bá jókòó sínú àkáǹtì, tí òun lè yá ẹlòmíì kí òun sì gba èlé lé e. Owó alágbàṣe kì í jókòó: bó ṣe ń wọlé lónìí ló ń jáde lọ́la. Ẹ wá fi kún un pé ilé jìnnà síra ní ìgbèríko, ọ̀nà kò dára, iná ń lọ ó ń bọ̀. Ẹ̀ka báńkì tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀ lè má rí oníbàárà tó pọ̀ tó láti fi san owó òṣìṣẹ́ méjì.

Orílẹ̀-èdè Íńdíà fi agbára ìjọba dojú kọ ìṣirò yìí. Ní oṣù keje 1969, ìjọba wọn gba báńkì ńlá 14 sábẹ́ àkóso ara rẹ̀. Nígbà tó di 1977, wọ́n gbé òfin kan jáde tó le dáadáa: báńkì tó bá fẹ́ ṣí ẹ̀ka kan níbi tí báńkì ti wà tẹ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ ṣí mẹ́rin níbi tí kò sí báńkì kankan. Òfin náà ṣiṣẹ́ títí di 1990. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Robin Burgess àti Rohini Pande, yẹ̀ ẹ́ wò nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, wọ́n rí i pé ẹ̀ka ìgbèríko wọ̀nyí bá ìṣẹ́ jà ní tòótọ́. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ owó tí àwọn báńkì náà yá àwọn èèyàn ni kò padà. Èmi ò sí lára àwọn tó ń fi òfin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ó ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbówó lórí báyìí kì í pẹ́ kí àwọn tó ń sanwó rẹ̀ tó sú, ó sì sú wọn.

Ìwé ìdánimọ̀, àti ìka tí ẹ̀rọ kò rí kà

Kí báńkì tó ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, òfin ní kó mọ ẹni náà. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló tẹ̀ lé ìlànà àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989 láti gbógun ti àwọn tó ń fi báńkì fọ owó ẹ̀ṣẹ̀. Ìlànà náà dára, àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ń lò ó fi ojú ará ìlú ńlá wò ó: mú ìwé iná ilé rẹ wá, mú ìwé ìrìnnà wá, kọ nọ́ńbà ilé rẹ síbí. Alágbàṣe tó ń sùn nínú ahéré olóko, níbo ló ti fẹ́ rí ìwé iná?

Nígbà tó yá ni àwọn aláṣẹ rí i pé ẹni tó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ kò lè fọ owó ẹ̀ṣẹ̀ tó pọ̀. Wọ́n wá pín àkáǹtì sí ìpele. Ẹni tí kò ní ìwé púpọ̀ lè ṣí àkáǹtì kékeré, wọ́n á kàn fi ààlà sí iye tó lè wọ inú rẹ̀. Ní Íńdíà, láti 2010, ẹni tí kò ní ìwé kankan lè ṣí irú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ojú rẹ̀ kan àti ìtẹ̀ka tàbí ìbuwọ́lùwé lójú òṣìṣẹ́ báńkì. Owó inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju rúpì 50,000 lọ lẹ́ẹ̀kan, iye tó sì lè gbà jáde lóṣù kò gbọ́dọ̀ ju 10,000. Ìgbésẹ̀ tó rọrùn ni, kò ná ìjọba ní owó gọbọi, lójú mi ó sì wúlò ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé tí wọ́n ń pariwo lé lórí lọ.

Orílẹ̀-èdè yẹn kan náà tún gbé ètò ìdánimọ̀ Aadhaar kalẹ̀, tó fún èèyàn ní nọ́ńbà 12 tí wọ́n so mọ́ ìka ọwọ́ àti ẹyinjú. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka kó sì gba owó. Àmọ́ ṣá, ẹni tó ń fi ọwọ́ ro ilẹ̀, tó ń ru bíríkì, tó ń po sìmẹ́ǹtì, ìlà ìka rẹ̀ a máa parẹ́. Ó lè tẹ̀ka lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àgbàlagbà ni èyí sì ń bá jù. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ẹ̀rọ wá gan-an ni ẹ̀rọ kò dá mọ̀. Ètò tó bá mọ́gbọ́n dání máa ń fi ọ̀nà kejì sílẹ̀, bíi kí ẹ̀rọ wo ẹyinjú tàbí kí wọ́n fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà kejì, ẹni náà á padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ta ni aṣojú báńkì, báwo ló sì ṣe ń ṣe é?

Apá yìí ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sí i.

Bí kíkọ́ ẹ̀ka bá wọ́n jù, kí ló dé tí báńkì kò ní lo ẹni tó ti ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bràsíìlì ti ń ṣe èyí látìgbà tí ọ̀rúndún yìí ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n sọ ilé tẹ́tẹ́ ìjọba, ilé oògùn àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké di ibi tí èèyàn ti lè gba owó kó sì san owó. Báńkì àpapọ̀ Íńdíà fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2006. Ní Kẹ́ńyà, ilé iṣẹ́ fóònù ló gba iwájú báńkì: oṣù kẹta 2007 ni Safaricom gbé M-Pesa, ìyẹn ètò owó orí fóònù, jáde, tí ẹni tó ń ta káàdì ìpè sì di ẹni tó ń gba owó tó sì ń san owó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ rò ni pé aṣojú ń bá báńkì tọ́jú owó wọn sínú àpótí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ti ara rẹ̀ ni aṣojú fi ń ṣe iṣẹ́ náà, ó sì pín in sí ọ̀nà méjì: èyí tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ àti èyí tó wà nínú àpótí rẹ̀. Ká ní ó ní 500 nínú àkáǹtì, ó sì ní 500 nínú àpótí. Bí ẹnì kan bá wá fi 100 pamọ́, aṣojú á gba owó náà sínú àpótí, á sì ti inú àkáǹtì tirẹ̀ fi 100 ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹni náà. Àpótí á di 600, àkáǹtì á di 400. Bí ẹlòmíì bá wá gba 100, òdì kejì rẹ̀ ni: àkáǹtì á gòkè, àpótí á wálẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ kò kúrò ní 1,000. Láàádá kékeré tí báńkì ń fún un lórí ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan ni èrè tirẹ̀.

Ní àárín ìgboro, nǹkan wọ̀nyí máa ń bá ara wọn mu. Oníṣọ́ọ̀bù ń kó owó ọjà wá pamọ́ láàárọ̀, òṣìṣẹ́ ń wá gba owó nírọ̀lẹ́. Owó tí ẹnì kan mú wá ni ẹlòmíì gbé lọ. Ẹ wá wo ìgbèríko ní ọjọ́ tí owó iṣẹ́ wọlé. Alágbàṣe 40 ló dé, olúkúlùkù fẹ́ gba 20. Gbogbo wọn ló fẹ́ gba owó jáde, kò sí ẹni tó mú owó wá. Nígbà tí aṣojú bá fi máa san ti ẹni kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 500 inú àpótí ti tán. Àkáǹtì rẹ̀ ti di 1,000, àpótí rẹ̀ ṣófo. Àwọn 15 tó kù á gbọ́ "ẹ padà wá lọ́la." Bóyá wọ́n á máa bú u ní olè bí wọ́n ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ kò jí nǹkan kan.

Kí ó tó lè san owó àwọn yẹn, ó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí báńkì wà, kó tò lórí ìlà, kó gba owó, kó sì gbé e padà ní ojú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ó ń gbé owó bọ̀. Owó ọkọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tó fi pa ṣọ́ọ̀bù dé jẹ́ tirẹ̀. Bí adigunjalè bá dá a lọ́nà, àfi tí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú báńkì bá sọ nǹkan mìíràn, òfò náà jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó bá sì ṣe gbogbo èyí tán, láàádá rẹ̀ lórí 20 tí alágbàṣe kọ̀ọ̀kan gbà kò tó nǹkan, nítorí pé iye owó tí wọ́n bá gbà ni wọ́n sábà fi ń ṣírò láàádá.

Ohun méjì ló máa ń tẹ̀yìn èyí yọ. Àwọn aṣojú kan á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, orúkọ wọn á ṣì wà nínú ìwé báńkì bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó tí òfin kò fọwọ́ sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n á ní owó ọkọ̀ ni. Ìjọba á ní ìwà ìbàjẹ́ ni, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ìjọba yẹn kan náà ló pinnu pé alágbàṣe kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀, láì sọ ẹni tí yóò sanwó ọkọ̀ náà.

Àtúnṣe wà, kò sì ṣòro lóye. Kí láàádá ìgbèríko ju ti ìgboro lọ. Kí wọ́n má dá gbogbo owó iṣẹ́ jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí abúlé márùn-ún bá gba owó ní ọjọ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àpótí kan náà lè tó wọn. Kí báńkì yá aṣojú lówó díẹ̀ fún ọjọ́ ìsanwó. Kí aṣojú kan lè dá oníbàárà báńkì gbogbo lóhùn dípò kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ tí kò sí èyí tó ń jèrè. Mo rò pé ohun tí kò jẹ́ kí àwọn olóṣèlú fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí ni pé kò sí tẹ́ẹ́pù tí èèyàn lè gé nínú wọn.

Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n lo ẹni tó ti ń gba owó oṣù tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, Íńdíà ṣí báńkì kan lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀, afìwéránṣẹ́ sì ń gbé ẹ̀rọ kékeré lọ bá èèyàn nílé láti sanwó fún un. Afìwéránṣẹ́ kò fi láàádá nìkan jẹun, nítorí náà abúlé tí èèyàn rẹ̀ kò pọ̀ kò ní lé e sá. Ní Bràsíìlì, báńkì ìjọba tó ń jẹ́ Caixa ní ẹ̀ka tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tó ń lọ káàkiri àwọn ìlú etí odò ní agbègbè Amazon.

Ìdí tí mo fi gùn báyìí lórí aṣojú ni pé ẹ̀rí wà fún un. Tavneet Suri àti William Jack tẹ̀ ìwádìí kan jáde ní 2016 lórí M-Pesa ní Kẹ́ńyà. Wọ́n fi bí aṣojú ṣe pọ̀ tó nítòsí ilé wéra, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ètò náà yọ ìdílé tó tó 194,000, ìyẹn ìdá 2 nínú 100 ìdílé orílẹ̀-èdè náà, kúrò nínú ìṣẹ́ tó burú jù. Àwọn ìdílé tí obìnrin jẹ́ olórí wọn ló jàǹfààní jù. Ẹ kíyè sí i: ohun tí wọ́n wò ni bí aṣojú ṣe súnmọ́ni, kì í ṣe iye àkáǹtì.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, owó orí fóònù kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú owó inú báńkì. Nínú ètò bíi M-Pesa, ilé iṣẹ́ fóònù gbọ́dọ̀ kó iye owó gbogbo oníbàárà rẹ̀ sí báńkì, lọ́wọ́ alágbàtọ́jú, kí owó náà má bàa di tirẹ̀ bó bá kó sí gbèsè. Lọ́pọ̀ ibi, owó yìí kì í bí èlé fún oníbàárà. Bóyá ìbánigbófò owó báńkì kàn án tàbí kò kàn án, orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni.

Nígbà tí ìjọba bá jẹ́ ẹni tó ń sanwó iṣẹ́

Ètò tó tóbi jù nínú irú èyí ni èyí tí Íńdíà fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2005: òfin ìgbà náà ní kí ìdílé ìgbèríko tó bá fẹ́ iṣẹ́ rí iṣẹ́ ọjọ́ 100 lọ́dún gbà lọ́dọ̀ ìjọba, bíi wíwa kòtò omi tàbí ṣíṣe ọ̀nà, kí wọ́n sì gba owó wọn láàárín ọjọ́ 15. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ka owó lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni. Ẹni tó ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ló tún ń sanwó, nítorí náà ó lè kọ orúkọ ẹni tí kò sí láyé, kó sì gba owó rẹ̀. Ní 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í darí owó náà gba báńkì àti ilé ìfìwéránṣẹ́. Àǹfààní rẹ̀ kò sí lára báńkì fúnra rẹ̀ tó bí ó ṣe wà lára ìpínyà yẹn: ọwọ́ tó ń kọ orúkọ kò sanwó mọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, wọ́n gbé káàdì ìtẹ̀ka lé e, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ yan agbègbè tí yóò kọ́kọ́ rí i, láàárín agbègbè 157 tí èèyàn bíi mílíọ̀nù 19 ń gbé. Káàdì náà kò tilẹ̀ tíì kárí. Ìdajì owó péré ló ń gba ọ̀nà tuntun lẹ́yìn ọdún méjì. Síbẹ̀, owó tètè ń dé sí i, èyí tó ń sọnù lọ́nà sì dín kù. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ní àwọn fẹ́ ọ̀nà tuntun yìí ju ti àtijọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ariwo ńlá dé. Ní oṣù kẹjọ 2014, ìjọba kéde ètò Jan Dhan: kí gbogbo ìdílé ní àkáǹtì, kódà bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ṣí àkáǹtì 18,096,130, ìwé àkọsílẹ̀ Guinness sì gbà á wọlé. Nígbà tó di 2023, iye rẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù 500, àwọn obìnrin ló sì ni èyí tó ju ìdajì lọ. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn ń béèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ àkáǹtì náà fi ṣófo, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ìwé ìròyìn Indian Express tú síta ní 2016: àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kan ń fi rúpì kan ṣoṣo sínú àkáǹtì àwọn èèyàn, kí àkáǹtì náà má bàa ṣófo mọ́ nínú ìwé. Bí ẹ bá sọ iye di ohun tí ẹ fi ń wọn òṣìṣẹ́, iye náà ni wọn yóò wá fún yín.

Ohun kan tún wà tí àwọn alágbàṣe fúnra wọn kò mọ̀. Nígbà tí ìjọba bá fi nọ́ńbà Aadhaar sanwó dípò nọ́ńbà àkáǹtì, àkáǹtì tí wọ́n so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ náà gbẹ̀yìn ni owó máa ń wọ̀. Bí ẹnì kan bá ní àkáǹtì méjì, tó sì so ìkejì mọ́ ọn lánàá, owó ọ̀la kò ní lọ sí ti àkọ́kọ́ mọ́. Ní oṣù Kejìlá 2017, àṣírí tú pé ilé iṣẹ́ fóònù ńlá kan ti ṣí àkáǹtì fún ọ̀kẹ́ àìmọye oníbàárà nígbà tí wọ́n wá fi ìdánimọ̀ so síìmù wọn, láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Owó ìrànwọ́ gáàsì ìdáná wọn wá ń lọ sínú àkáǹtì tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn aláṣẹ gbé ẹsẹ̀ lé àṣẹ ilé iṣẹ́ náà. Owó kò sọnù, inú àkáǹtì wọn ló wà, ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní àkáǹtì tí olówó kò mọ̀ pé òun ní?

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì ta ni owó ń wọ̀ tún kan ọkọ àti aya. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àkáǹtì olórí ilé ni owó iṣẹ́ obìnrin ń wọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh, àwọn onímọ̀ ṣètò kí owó àwọn obìnrin kan máa wọ àkáǹtì tiwọn, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2021, fi hàn pé àwọn obìnrin náà ṣiṣẹ́ sí i lóde, pàápàá àwọn tí ọkọ wọn kò fẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìlà kan péré ni wọ́n yí padà nínú ìwé ìsanwó.

Ṣé àwọn èèyàn ń lò ó?

Ohun tó tẹ̀lé ẹ̀fà ju èje lọ. Pascaline Dupas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ìdílé tí kò ní àkáǹtì láǹfààní láti ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ùgáńdà, Màláwì àti Ṣílè, wọ́n sì fi ọdún méjì wò wọ́n. Àwọn tó fi owó sínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ó kéré tán jẹ́ 17 nínú 100 ní Ùgáńdà, 10 ní Màláwì, 3 ní Ṣílè. Ṣíṣí lọ́fẹ̀ẹ́ nìkan kò tó. Bí èèyàn bá máa fi ìdajì ọjọ́ rìn lọ fi owó ọjọ́ méjì pamọ́, kì í ṣe òmùgọ̀ bó bá fi sábẹ́ ẹní.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tó ń lò ó, àwọn ló sì yẹ ká wò. Ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, àwọn obìnrin ọlọ́jà tí wọ́n ṣí àkáǹtì fún fi owó pamọ́ síbẹ̀, wọ́n sì fi owó kún òwò wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkáǹtì náà kì í bí èlé, wọ́n tún ń san owó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbà á. Ohun tí wọ́n ń rà ni jíjìnnà owó náà sí ọwọ́ ara wọn àti sí ọwọ́ ẹni tó máa tọrọ rẹ̀. Ní Màláwì, àwọn àgbẹ̀ tábà tí owó irè oko wọn ń wọ àkáǹtì tààrà ná owó sí i lórí ajílẹ̀ àti irúgbìn nígbà tí àsìkò gbígbìn dé. Ẹ wo ohun tó yàtọ̀: ní Màláwì, owó ti wà nínú àkáǹtì náà kí àgbẹ̀ tó pinnu ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kò sí ìrìn àjò láti lọ fi pamọ́.

Nípa ẹ̀yáwó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àkáǹtì kì í ṣe ẹ̀yáwó, ẹ̀yáwó fún tálákà kì í sì í ṣe rere ní gbogbo ìgbà. Andhra Pradesh yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ ẹ̀yáwó kéékèèké ti ya bo àwọn ìdílé ìgbèríko débi pé ẹlòmíì ń yá ní ibi mẹ́ta láti san ẹyọ kan. Ní oṣù kẹwàá 2010, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé òfin pàjáwìrì jáde, gbígba gbèsè sì dúró gbagidi. Ibi tí alágbàṣe bá ti rí ibi ìpamọ́ tó dájú kó tó rí ẹni tó fẹ́ yá a lówó, nǹkan máa ń rọrùn fún un.

Bí ẹ bá gbọ́ ìkéde tuntun

Ẹ má béèrè iye àkáǹtì tí wọ́n ṣí. Ẹ béèrè bí aṣojú tó súnmọ́ jù ṣe jìnnà tó, àti iye owó tó máa ń wà nínú àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsanwó. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń yọ lórí gbígbà owó, àti ẹni tó ń gbà á. Kí òṣìṣẹ́ náà sì máa gba ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀nà tí aṣojú aláìṣòótọ́ ń gbà jalè jù ni kó ní kí ẹni náà tẹ̀ka, kó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, kó ní kó tún un tẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ti yọ owó tán. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kò sì tọ́ sí ẹnikẹ́ni, aṣojú pàápàá.

Èyí tí wọn kò tíì yanjú rẹ̀ dáadáa níbikíbi ni àtúnṣe àṣìṣe. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ láàárín orúkọ inú káàdì ìdánimọ̀ àti ti inú báńkì, kọ̀ǹpútà lè dá owó náà padà síbi tó ti wá. Òṣìṣẹ́ kò ní mọ̀, ohun tó mọ̀ kò ju pé ó ṣiṣẹ́ tí owó kò dé. Bó bá lọ sí ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́, wọ́n á ní kó lọ bá báńkì. Báńkì á ní ìjọba kò fi nǹkan ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ LibTech India ti ń tọpa irú owó iṣẹ́ tí wọ́n dá padà báyìí fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì ń ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti mọ ibi tó há sí. Aṣojú abúlé lè san owó, ó lè gba owó, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ibi kò ní àṣẹ láti ṣàtúnṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ oníbàárà. Bí wọ́n bá fún un láṣẹ láti fi ẹjọ́ náà ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ rẹ̀, kó sì fún òṣìṣẹ́ ní nọ́ńbà tí yóò fi máa tọpa rẹ̀, a ó mọ ọjọ́ tí ẹjọ́ wọlé àti ẹni tó jókòó lé e.